Bí ẹ ṣe lè kọ́ kọ̀ǹpútà yín kó máa ka íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru, kó sì máa fi ohun tó kà lánàá mọ tòní

Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà mi sọ fún mi pé Fílémónì jẹ́ ẹja, mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe bákan. Mo tún un wò. Fílémónì, ẹja. Hébérù, ẹja. Tímótì, ẹja. Àǹtí mi tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́ wà nílé lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí wọ́n wá wo nǹkan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní "ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, ẹ ti wá ń fi Bíbélì se ọbẹ̀ báyìí?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ pé Titus jẹ́ ẹja, ẹja yìnyín tí gbogbo wa mọ̀, mo sì fún un ní oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta, Titus, Titu àti Títù, torí pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì oníkálukú ló ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ó wá lọ bá ojú ìwé kan tí wọ́n to orúkọ àwọn ìwé inú Bíbélì sí, ó rí Titu tó jókòó sáàárín Tímótì àti Fílémónì, ó ní àh, mo mọ ọ̀kan nínú àwọn èèyàn yìí, ẹja ni, ẹja náà ni àwọn tó jókòó tì í. Ẹ má bú u. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: prógíráàmù kékeré kan tí kì í sùn, tó ń ka ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, tó ń ṣa òótọ́ inú rẹ̀, tó sì ń fi èyí tó ti mọ̀ túmọ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹ ò ní láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣáà ti lè kọ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, díẹ̀, tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka fáìlì tí wọ́n sì ń kọ ọ́, ó tó. Ibi tó dùn mí jù ni màá ti pẹ́ jù, ibi tí kò le màá fò ó kọjá.

Èrò yìí ti pẹ́

Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ o. Ní 1998 Sergey Brin, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Google sílẹ̀, mú ìwé márùn-ún péré pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ wọ́n, ó ní kí kọ̀ǹpútà lọ wo irú gbólóhùn tí ìwé àti òǹkọ̀wé ti máa ń jọ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi gbólóhùn yẹn wá ìwé mìíì, kó fi ìwé mìíì wá gbólóhùn mìíì. Márùn-ún yẹn di ohun tó lé ní 15,000. Nígbà tó di January 2010, Tom Mitchell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon, ní Pittsburgh lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, tan èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sọ ọ́ ní NELL. Wákàtí 24 lóòjọ́ ló fi ń kàwé. Wọ́n fún un ní ẹ̀ka nǹkan 123, bí ìlú, ilé iṣẹ́, eré ìdárayá, wọ́n fún un ní 55 oríṣi ìsopọ̀ láàárín wọn, àpẹẹrẹ bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá da ojú ìwé 500 mílíọ̀nù síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ 67, ó ti kó ohun tó lé ní 242,000 jọ tó gbà gbọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ òótọ́. Nọ́ńbà yẹn dára, àmọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò: ohun tó kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, 90 ló jẹ́ òótọ́ nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó kọ́ láàárín, 71, ohun tó kọ́ lápá ìparí, 57. Bó ṣe ń kàwé sí i ni irọ́ ń wọlé sí i. Òun náà ní Fílémónì tirẹ̀. Àwọn òyìnbó ní bisikíìtì kan tí wọ́n ń pè ní cookie, àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì náà sì máa ń fi fáìlì kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà yín tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. NELL rí ibi táwọn èèyàn ti ń sọ pé àwọn ti pa cookie wọn rẹ́, ó gbà pé ìpápánu ni, ó tún rí i pé wọ́n ń pa fáìlì rẹ́, bí fáìlì náà ṣe di ìpápánu nìyẹn.

Torí náà, kíkà kò le. Kọ̀ǹpútà á kà. Kó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣiyèméjì nípa ohun tó kà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, orí ẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ wà.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó. Tèmi ò ju 4GB lọ, ó ń ṣe é. Python, SQLite, àpótí tí ẹ máa tọ́jú ohun tó bá kọ́ sí, tó ti wà nínú Python fúnra rẹ̀, àti trafilatura tó máa ń bá yín yọ ọ̀rọ̀ gidi kúrò láàárín ìpolówó ọjà àti àwọn nǹkan ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Dátà ò ní jẹ yín lówó tó bí ẹ ṣe rò, ọ̀rọ̀ lásán fúyẹ́, gbogbo Wikipedia Yorùbá tẹ́ ẹ bá wà á bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀, kò tó fíìmù kan.

Iná ni kẹ́ ẹ ronú sí. Ẹ kọ prógíráàmù yín bíi pé iná máa lọ ní ìṣẹ́jú méjì sí i. Ojú ìwé kan tó bá ti kà tán, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ka èyí, kó tó bọ́ sórí òmíràn, torí èmi kọ́kọ́ ń dúró kó ka igba tán kí n tó tọ́jú rẹ̀, ẹ wo bí mo ṣe ń ka ojú ìwé kan náà fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yan ibi tí omi ò ti jìn

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó mọ gbogbo ayé. Ẹ yan ohun tí ẹ̀yin fúnra yín, tàbí ẹnì kan tó sún mọ́ yín, lè wò kó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni. Èmi yan ẹja torí àǹtí mi, mo yan ọjà, mo yan ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà, mo yan gómìnà àti ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó wà ní Àgbádárìgì lè yan ohun tó jẹ mọ́ àgbọn àti ilé àtijọ́, ẹni tó wà ní Ìkòròdú lè yan àdúgbò àti ibùdókọ̀. Ó wà lọ́wọ́ yín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ tún gbọ́dọ̀ yan ẹ̀ka tẹ́ ẹ ò nílò rárá. Ẹni tó bá kọ́ kọ̀ǹpútà ní ẹja nìkan, gbogbo ohun tó bá rí ló máa di ẹja, kò kúkú mọ nǹkan mìíì tó wà láyé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Fílémónì ni mo wá fi ìwé inú Bíbélì kún un, mo fi ilé ìwòsàn, aṣọ, ewébẹ̀ àti orúkọ oyè kún un, kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ̀ nípa wọn, ògiri ni wọ́n, kí ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ ṣìnà lọ sọ́dọ̀ ẹja lè kọlu ògiri.

Irúgbìn

Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àpẹẹrẹ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́ ẹ mọ̀ dájú. Tèmi lórí ẹja bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, kúta, ṣàwá, pánla. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹ má gbìn ín. Mo ti yọ Titus. Mo yọ àrọ̀ náà, ó sì dùn mí torí kò sí ẹni tó ń sọ ẹja odò tí kò ní dárúkọ àrọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, "aro", ẹ wo iye nǹkan tó lè jẹ́: aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró, arọ tí kò lè rìn, àti Aro ní Abẹ́òkúta níbi tí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú wà. Ọjọ́ méjì péré ni kọ̀ǹpútà mi fi gbà pé àwọn ẹja kan wà tí wọ́n máa ń gbé èèyàn lọ fún ìtọ́jú. "Ẹja àrọ̀", ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ni mo wá fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ gbin èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Akàn kì í ṣe ẹja. Edé kì í ṣe ẹja. Èmi rò pé edé lè wọ̀ ọ́ torí wọ́n jọ ń tà wọ́n, àǹtí mi ní lọ́jọ́ wo. Fún ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀, méjì méjì lẹ máa gbìn wọ́n: Ejìnrìn pẹ̀lú Ẹ̀pẹ́, Ìmọ̀tà pẹ̀lú Ìkòròdú, Ajárá pẹ̀lú Àgbádárìgì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó ti máa kàwé, àti bó ṣe máa wọlé

Wikipedia Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dì í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má wulẹ̀ máa lọ kan ilẹ̀kùn wọn lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn ojoojúmọ́, BBC News Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, Aláròyé, Global Voices lédè Yorùbá. Ibẹ̀ ni tuntun ti ń wọlé lójoojúmọ́, tuntun yẹn ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí máa lọ láìdúró.

Kí kọ̀ǹpútà yín kọ́kọ́ ka robots.txt ojúlé kọ̀ọ̀kan, fáìlì tí onílé fi ń sọ ibi tí prógíráàmù lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀, tí onílé bá ní ẹ má wọ yàrá yìí, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárín ojú ìwé kan sí òmíràn. Ẹ kó òótọ́ inú ọ̀rọ̀ nìkan, ẹ má gbé àpilẹ̀kọ onítọ̀hún síta bíi pé tiyín ni. Ẹ má sì lọ máa ka ibi táwọn èèyàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì èèyàn, ẹ pa á rẹ́ kó tó wọlé rárá.

Ohun kan wà níbí tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Àwọn ojúlé ìròyìn máa ń da ìròyìn kan náà kọ. Ẹnì kan ṣi ìlú kan sọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíì, ojúlé mẹ́jọ gbé e bó ṣe wà, kọ̀ǹpútà mi ní ẹlẹ́rìí mẹ́jọ ló sọ ọ́ fún òun. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni! Gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Torí náà ẹ gé ojú ìwé sí gbólóhùn gbólóhùn, ẹ yọ àmì àti àlàfo kúrò, ẹ ṣe hash gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àmì ìdánimọ̀ kúkúrú kan tí gbólóhùn kan náà máa ń bí nígbà gbogbo, gbólóhùn tí hash rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ẹ má kà á ní ẹ̀rí lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn, ẹ fara balẹ̀ níbí

Orúkọ ìlú wa, Ẹ̀pẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, "epe". Ó ti di èpè. Mo rí i nínú àkọsílẹ̀ mi pé kọ̀ǹpútà ka ibi tí bàbá kan ti gbé ọmọ ẹ̀ ṣépè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá yẹn rìnrìn àjò wá sí ìlú wa.

Ìṣòro méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́, àmì wà ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò rí i bákan náà. Ọ tó ní àmì òkè lórí, ọ́, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún un nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹnì kan lè kọ ọ́ ní ọ pẹ̀lú àmì òkè, ẹlòmíì á kọ ọ́ ní o pẹ̀lú àmì abẹ́ pẹ̀lú àmì òkè, ẹlòmíì á kọ ó kó tó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú yín àti lójú mi ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni. Ìyẹn ló fà á tó fi ní ọ̀bọ̀kún mẹ́ta tó yàtọ̀ síra tó sì ń wá ìbátan láàárín wọn. Oògùn rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: ẹ pe unicodedata.normalize, ẹ ní NFC lẹ fẹ́, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo tó máa sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, kí gbogbo ọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Ohunkóhun! Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá àṣìṣe kan tí ìlà yìí ì bá ti parí.

Ìkejì, àmì ò sí rárá, ìyẹn ló le. Ẹ má gbìyànjú láti máa fi àmì sí i fúnra yín, ẹ ó kàn máa méfò. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́nà méjì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, àti èyí tí mo ti bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀. Èyí tí mo bọ́ ni mo fi ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó bá ti inú ọ̀rọ̀ tó ní àmì wá, máàkì kan ni mo ń fún un, èyí tó bá wá láti inú ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ìdajì, àfi tí ọ̀rọ̀ tó bọ́ láṣọ yẹn bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó ti mọ̀. Ọ̀bọ̀kún láìsí àmì ṣì jẹ́ ọ̀bọ̀kún. Oko láìsí àmì, ọlọ́run ló mọ̀, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, oko.

Kí n tó gbàgbé, ẹ wo ohun tí ẹnu wa ń ṣe sí orúkọ ìlú. "Ní Èkó" ń di l'Ékòó, àwọn kan á wá kọ "l'Ekoo". Kọ̀ǹpútà gé l' kúrò, ó ní òun ti rí ìlú tuntun kan tó ń jẹ́ Ekoo. Bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ẹ kọ òfin kékeré kan: lẹ́yìn l', tí fáwẹ́lì méjì tó jọra bá parí ọ̀rọ̀, kó dán ọ̀kan wò bóyá ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìgèrè

Àwọn tó kàwé nípa iṣẹ́ yìí ń pe ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ní pattern, èmi ń pè é ní ìgèrè, torí ohun tó jọ nìyẹn, ẹ dẹ ẹ́ sínú omi, ẹnu rẹ̀ ṣí, ohun tó bá wọlé tiyín ni. Gbólóhùn tó ní ihò kan nínú ni. Fún ẹja: "ẹja tí wọ́n ń pè ní ___", "àwọn ẹja bíi ___", "___ jẹ́ irú ẹja kan". Fún ìlú: "___ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ___".

Ẹ̀yin ò ní kọ gbogbo ìgèrè fúnra yín, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà àti kúta ti jáde, kó mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ṣáájú àti mẹ́rin tó tẹ̀lé e, èyí tó bá tún ara rẹ̀ sọ lọ́dọ̀ irúgbìn mẹ́ta ó kéré tán, ìgèrè tuntun nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ìgèrè kọ̀ọ̀kan. Ká ní "àwọn ẹja bíi" mú ọ̀rọ̀ 12 wá, mẹ́sàn-án jẹ́ ẹja tí a ti mọ̀, kò sí ọ̀kan tó kọlu ògiri, mẹ́ta jẹ́ àjèjì: ìgèrè rere, ẹ mú àwọn àjèjì mẹ́ta yẹn sínú ìwé àwọn àfurasí. Ká ní "mo ra ___ lọ́jà" mú 40 wá, méjì jẹ́ ẹja, ọgbọ̀n jẹ́ aṣọ àti ewébẹ̀: ìgèrè tó ya ni, ẹ jù ú nù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń parí nínú ihò yẹn máa yọ yín lẹ́nu. "Ẹja tí wọ́n ń pè ní ọ̀bọ̀kún ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ yìí." Tẹ́ ẹ ò bá sọ fún un ibi tó máa dúró, ó lè gbé ẹja kan wá tó ń jẹ́ "ọ̀bọ̀kún ni wọ́n fi". Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wa ló máa gbà yín: tó bá ti kan ni, tí, ló, fún, sí, náà, yìí, kó dúró. "Àti" àti "pẹ̀lú" àti kọ́mà, kó pín in sí méjì.

Kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn

Tẹ́ ẹ bá dúró síbi ìgèrè, láàárín oṣù kan Fílémónì á dé. Ọgbọ́n táwọn ará NELL lò tí mo sì gbà pé òun ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé ni pé wọn ò kọ́ ọ ní ẹ̀ka kan lọ́tọ̀, gbogbo ẹ̀ka ni wọ́n jọ kọ́ ọ pọ̀, èyí ń ṣọ́ ìyẹn. Ohun tí mo ṣe ní tèmi rèé.

Ògiri ló ṣáájú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹja ò lè jẹ́ ìwé Bíbélì, ìlú ò lè jẹ́ ewébẹ̀. Àfurasí tó bá ní ẹ̀rí lápá méjì ògiri, kò sí èyí tó máa wọ̀, fáìlì kan wà tí mo pè ní "ẹjọ́", ibẹ̀ ló ń lọ dúró dè mí.

Ẹ̀ka kan wà tí kò yẹ kó kọ́ rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè jẹ́ 20, ó parí, ẹ to 20 yẹn sí i kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ fún mi pé Ejìnrìn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòsì-Ejìnrìn. Irọ́ kọ́ ló pa, àwọn ìjọba ìdàgbàsókè 37 tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 wà, ìyẹn sì wà lára wọn, àwọn oníròyìn kàn ń pe méjèèjì ní ìjọba ìbílẹ̀ ni. Mo ya wọ́n sọ́tọ̀, ariwo parí.

Lẹ́yìn náà ni òfin ẹyọ kan. Ìlú kan, ìjọba ìbílẹ̀ kan. Tó bá rí méjì, kó pariwo. Mo rò pé àṣìṣe nìkan ni òfin yìí máa bá mi mú, àfi bó ṣe pariwo lórí Lekki, ó ní ó wà ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà, ó tún wà ní Ìbẹ́jú-Lekki. Àwa tá a wà lọ́nà ibí mọ̀, Lekki táwọn olówó ń gbé yàtọ̀ sí ìlú Lekki fúnra rẹ̀ tó wà létí òkun lọ́hùn-ún. Kétu tún burú jù, Kétu kan wà ní Kòsọ̀fẹ́, Kétu wà nítòsí Ejìnrìn níbí, Kétu wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Orúkọ kan, ibi mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé orúkọ àti ohun tó ń jẹ́ orúkọ gbọ́dọ̀ wà ní tébù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú SQLite: mo fún ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orúkọ wá ń tọ́ka sí nọ́ńbà. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ ṣe é, èmi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí n tó tún un kọ́.

Èyí tó kẹ́yìn: ojú méjì. Kò sí àfurasí tó máa di òótọ́ nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo gbé e wá, àyàfi tí ẹ̀rí náà bá lágbára gan-an, tèmi ń béèrè kó dá a lójú tó 0.9 nínú 1. Ìgèrè inú gbólóhùn jẹ́ ojú kan. Tébù àti ìwé tí wọ́n to nǹkan sí jẹ́ ojú kejì. Ẹ̀ka tí Wikipedia fi ojú ìwé kan sí jẹ́ ojú kẹta. Fílémónì ò bá ti wọlé ká ní mo ti ní òfin yìí, torí ibi tí wọ́n to orúkọ sí nìkan ló gbé e wá, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ níbì kankan láyé pé òun se Fílémónì.

Mo tún fi òté lé e: ẹ̀ka kan kò gbọ́dọ̀ gba ju ohun tuntun márùn-ún lọ lóòjọ́. Ẹ lè rò pé ó lọ́ra, àmọ́ ẹ rántí 90, 71, 57 yẹn.

Ẹ kọ ọjọ́ sí i

Gbogbo ohun tó bá gbà gbọ́, kó kọ ibi tó ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n kọ ojú ìwé yẹn àti ọjọ́ tí òun kà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé orísun kan ń purọ́, ẹ lè fa gbogbo ohun tó ti ibẹ̀ wá tu láìfọwọ́ kan ìyókù.

Ọjọ́ yẹn tún wúlò fún nǹkan mìíì. Kọ̀ǹpútà mi taku pé Ambode ni gómìnà Èkó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni lóòótọ́, inú wa dùn nígbà náà, ṣùgbọ́n 2015 sí 2019 ni, Sanwo-Olu ló ti wà níbẹ̀ látìgbà náà. Kò purọ́, ìròyìn àtijọ́ ló pọ̀ níwájú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Nóforíjà níbí náà, wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ní 2022, orúkọ àtijọ́ ṣì kún íntánẹ́ẹ̀tì. Torí náà ìsopọ̀ tó lè yí padà, ẹ fi "láti" àti "títí di" sí i.

Kó máa lọ láìdúró

Cron, ohun tó máa ń tan prógíráàmù ní aago tẹ́ ẹ bá dá fún un, ni mo fi ń tan án, aago méjì òru, nígbà tí dátà òru wà. Ìròyìn tuntun wọlé, ó fọ̀ ọ́, ó dẹ ìgèrè tó wà, ó yẹ àwọn àfurasí wò, ó gba èyí tó bá yege, ó fi wọ́n wá ìgèrè tuntun, ó sùn. Lọ́la ó tún bẹ̀rẹ̀. Tí iná ò bá sí lóru yẹn, á ṣe é lóru kejì, kò sí ìjà.

Lálẹ́ Sunday ni èmi àti àǹtí mi máa ń jókòó. Mo máa ń ní kí kọ̀ǹpútà ṣa 50 nínú ohun tó ti gbà gbọ́ láìwo ojú, ẹ má ṣe jẹ́ kó mú èyí tó dá a lójú jù wá o, ó máa tàn yín jẹ. Mo ń kà á, wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí irọ́, kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀ka tó bá já sísàlẹ̀ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, mo dá a dúró, mo lọ wo ìgèrè tó gbé irọ́ yẹn wá, òun ni mo ń fà tu, kì í ṣe irọ́ náà nìkan. Bí ẹ bá pa irọ́ kan rẹ́, tí ìgèrè rẹ̀ bá ṣì wà nínú omi, á gbé ìbejì rẹ̀ wá lọ́la.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí mi ò kàn fún àwọn AI ńlá tuntun yìí ní ojú ìwé kí wọ́n bá mi yọ òótọ́ inú rẹ̀. Mo ti dán an wò, wọ́n mọ gbólóhùn Yorùbá tó lọ́ pọ̀ ju ìgèrè mi lọ, àmọ́ tí wọn ò bá mọ nǹkan, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ojú kan lásán ni mo kà wọ́n sí, ó gbọ́dọ̀ rí ojú kejì. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé tuntun tó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ẹ̀rọ á wá máa ka ẹ̀rọ. Mo ní àkójọ àwọn ojúlé tí mo mọ̀ pé èèyàn ló ń kọ nǹkan síbẹ̀, ìta wọn, ìdajì máàkì.

Sunday tó kọjá, àǹtí mi ka gbogbo 50 tán, wọ́n ní ó dáa, ó ti mọ ẹja, ṣé kò lè máa wá iye tí wọ́n ń ta kátọ́ọ̀nù ẹja yìnyín ní Èkó bọ̀ kí àwọn tó gbéra lọ? Mo ní á ṣeé ṣe. Mo jókòó tì í, mo rí i pé ẹnì kan ń kọ 20k, ẹnì kan ń kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, àgbàlagbà kan sì kọ ọ̀kẹ́ kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin irúgbìn márùn-ún lórí ẹ̀, ó ń kà á lọ́wọ́ báyìí.